Orúkọ Tí A Kì Í Pè Lójú Òkun

Ní abúlé wa, Skarwyke, ẹran kan wà tí apẹja kì í pe orúkọ rẹ̀. Ẹran onímú gbọọrọ ni, tó ń yí nínú ẹrẹ̀, èyí tí ọmọ onínàákúnàá inú Bíbélì ń bọ́ nígbà tí ebi fẹ́ pa á. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá pọn dandan, Ọ̀gbẹ́ni Inú Ẹrẹ̀ là ń pè é. À ń jẹ ẹran rẹ̀ láàárọ̀ bí èyí tí ìjọba ń pín bá kàn wá, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wa, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú omi. Bí àlejò bá ṣèèṣì dá a, gbogbo apẹja tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irin tútù kíákíá. Bí o bá wà lọ́nà, wàá bẹ̀rẹ̀, wàá fọwọ́ kan ìṣó ìsàlẹ̀ bàtà rẹ. Bí o bá wà nínú ọkọ̀, ìdákọ̀ró wà nílẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é, òkun mọ ojúlé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́ Ámósì ọmọ mi. Kò sí ẹni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ á ti dé ibi irin kí ọkàn tó mọ̀, bí ìgbà tí eruku fẹ́ wọ ojú tí ìpéǹpéjú pa dé.

Nígbà tí ogun Jámánì dé, ìjọba gba òkun lọ́wọ́ wa. Wọ́n ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí etí omi láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé ẹnu èbúté, wọ́n sì ri bọ́ǹbù mọ́ inú iyanrìn tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀. Ajá opó Pounder ló kọ́kọ́ tẹ ọ̀kan. A rí ọrùn rẹ̀ àti okùn ọrùn náà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọba fa ìlà sójú omi, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. A ò gbọdọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ń wọn epo ọkọ̀ fún wa. Àwọn ọkùnrin tó lágbára, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹja nítorí pé ìlú gbọ́dọ̀ jẹun, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá jókòó sí èbúté láìnídìí, ogun ni wọ́n ń kó o lọ.

Lára àṣẹ wọn ni ọ̀rọ̀ òní wà. Láràárọ̀, Kápúténì Haverill, ọ̀gá àwọn sójà tó ń ṣọ́ èbúté, á dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ rẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ kan sí olórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan létí. Bí ọkọ̀ bá ń padà bọ̀, sójà tó wà lórí ògiri òkúta tó yọ wọ inú òkun á kígbe pé, "Ta nìyẹn?" Olórí ọkọ̀ á sì fi ọ̀rọ̀ òní dá a lóhùn. Bí kò bá dáhùn, ìbọn arọ̀jòọta kan wà lẹ́yìn àwọn àpò iyanrìn, wọ́n sì ti dojú rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà omi.

A ò bínú sí ìbọn yẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 1941, ọkọ̀ òfurufú Jámánì kan já wálẹ̀ láti inú àwọsánmà, ó da ọta bo ọkọ̀ Símónì àbúrò mi. Ọta náà gé e ní ìbàdí. Jákọ́bù ọmọ rẹ̀ ló tu ọkọ̀ wálé, tó dúró sínú ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ń fi garawa gbọ́n ọn dà sódò bí ẹni pé omi òjò ni. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bá èmi àti Ámósì ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tiwa, èyí tí a fi orúkọ ìyàwó mi, Tírísà, pè. Nítorí náà a mọ ohun tí ọ̀tá lè ṣe. A fẹ́ kí wọ́n ṣọ́ wa.

Kápúténì Haverill kì í ṣe ìkà ènìyàn. Olùkọ́ ni ní ìlú kan tí kò sí òkun nítòsí, ó sì máa ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń retí kí á kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Lọ́sẹ̀ kan, á fi orúkọ òdòdó ṣe ọ̀rọ̀ òní. Lọ́sẹ̀ mìíràn, á fi orúkọ ìlú ṣe é. Igbákejì rẹ̀, Sájẹ́ǹtì Tapp, ló mú kí ara tù wá. Tapp sanra, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń mi ikùn rẹ̀, ó sì ti kọ́ àṣà wa.

"Rúbẹ́nì," á wí fún mi bí a bá pàdé láàárọ̀, "wọ́n tún fún wa ní ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gbẹ́ni jẹ lónìí. Iyọ̀ inú rẹ̀ ju ti òkun yín lọ."

Ní oṣù kẹwàá, ọ̀wọ́ sójà tuntun dé láti Birmingham. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Dodd. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Bọ́ǹbù ti wó ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, ó sì máa ń wo gbogbo ènìyàn bí ajá tí wọ́n ti sọ lókùúta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó bá wa nílé ọtí.

"Bàbá," ó wí fún mi, "wọ́n ní ẹran kan wà tí ẹ ò lè pè lórúkọ. Èwo ni? Ẹ pè é kí n mọ èyí tí mi ò ní pè."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Mu ọtí rẹ, ọ̀gbẹ́ni," ni Ámósì wí. "Ìjọba ti bu omi là á tó. Mu ún kó tó di omi tán."

"Jámánì ń ju bọ́ǹbù lù yín, ẹ ò sá. Èyí tó ń ké hùn-ùn hùn-ùn nínú ẹrẹ̀ lẹ wá ń sá fún?" Ó fi imú ké bí ẹran náà, ó sì fi ìka tẹ orí imú rẹ̀ sókè.

Jákọ́bù gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "A ò sá fún un rárá. A kì í pe ẹbí ẹlẹ́bìí lórúkọ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ wá láti ilé kan náà, ẹ máa pè é."

Gbogbo ilé ọtí bú sẹ́rìn-ín, àwọn sójà pàápàá. Dodd nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé èbúté láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ẹran náà kan ni a bá lára ọkọ̀ wa. Wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ iwájú ọkọ̀, pátákò rẹ̀ dojú kọ òkun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ṣàn dé orí orúkọ ìyàwó mi. A ò lè gbé ọkọ̀ náà jáde lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan nǹkan náà. Ámósì ń bẹ Jákọ́bù pé kó ṣe sùúrù, ṣùgbọ́n Jákọ́bù ti mú kùmọ̀ tí a fi ń pa ẹja ńlá, ó sì ti kọjá lọ sí ibi tí àwọn sójà tò sí fún oúnjẹ àárọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ lù kọ́ ni Dodd, ọ̀rẹ́ Dodd ni. Kùmọ̀ náà ba egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà, eyín rẹ̀ sì bọ́ sínú àwo ọkà òòtì rẹ̀. Mo sáré wọ àárín wọn láti fa Jákọ́bù jáde. Dodd yí ìdí ìbọn rẹ̀, ó fi gbá mi ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Mo gbọ́ ìró egungun náà kí n tó mọ ìrora rẹ̀. Bí Ámósì ṣe rí i, sùúrù rẹ̀ tán. Ó di Dodd létí méjèèjì mú, ó sì gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri títí ẹ̀jẹ̀ fi bo òkúta funfun. Sójà bí mẹ́fà ló gun Ámósì lẹ́yìn, wọ́n ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ níhà. Kápúténì Haverill jáde, ó yìnbọn sókè, gbogbo ènìyàn sì dúró.

Kò pariwo. Ó wo eyín tó wà nínú àwo náà, ó wo ọwọ́ mi tó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí wọ́n ti Dodd mọ́lé. Ó ní kí Tapp fi ẹ̀mú yọ ẹsẹ̀ ẹran náà kúrò lára ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí wa.

"Bí ogun ṣe ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọkùnrin mi àti àwọn apẹja mi ń para wọn nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu," ó wí. "Mo máa wo àìsàn yìí sàn."

Ìtọ́jú ọwọ́ mi àti ti ìhà Ámósì gba ọjọ́ kejì mọ́ wa lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta a lọ sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ láàárọ̀. Èmi kò lè tu ọkọ̀, ọwọ́ mi wà nínú igi àti báńdéèjì. Ámósì ni olórí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Kápúténì tẹ̀ síwájú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ òní sí i létí. Kò sọ ọ́ jẹ́ẹ́. Gbogbo wa la gbọ́.

Ámósì bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìṣó bàtà rẹ̀. Jákọ́bù bẹ̀rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dìde," ni Kápúténì wí. "Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyí. Ẹ dìde."

"Sà," mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní òmíràn. Èyíkéyìí tó bá wù yín. Ẹ fi orúkọ ìyá mi ṣe é."

"Bàbá Harland, bí mo bá jẹ́ kí ẹ yan ọ̀rọ̀ lónìí, lọ́la ẹ ó yan wákàtí tí ẹ fẹ́ wọlé. Lọ́tùúnla ẹ ó yan ibi tí ẹ fẹ́ dé lójú omi. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹnu la fi ń sọ ọ́, kò ní eyín."

"Bí ọkọ̀ wa ò bá jáde lónìí ńkọ́?"

"Ó ti jókòó fún ọjọ́ méjì nítorí ìjà tí ẹ̀yin fúnra yín jà. Bó bá jókòó lónìí, Ámósì àti Jákọ́bù á wà nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́la, wọ́n á máa lọ sí bárékè. Mi ò ní bá yín jiyàn lé e lórí."

Ó mọ̀ pé Jákọ́bù kò tíì sinmi ẹkún bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ pé Ámósì nìkan ni Tírísà bí. Àwọn ọkọ̀ yòókù kò pàdánù ọjọ́ kankan, nítorí náà wọ́n lè jókòó, wọ́n sì jókòó. Ọ̀kan lára wọn, Kélébù Pounder, ń fa okùn ọkọ̀ rẹ̀ padà bí ó ṣe ń kọjá lára wa. "Ámósì," ó ní, "lọ sójú ogun. Jámánì á ní àánú ju èyí lọ."

Mo fa ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bi í ohun tó fẹ́ ṣe nígbà tó bá ń bọ̀.

"Màá pe Ọ̀gbẹ́ni Inú Ẹrẹ̀," ó wí. "Ọ̀kan náà ni wọ́n, Bàbá. Sájẹ́ǹtì Tapp ló máa wà nídìí ìbọn nírọ̀lẹ́, ó gbọ́ èdè wa."

Tapp wà nítòsí. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá Kápúténì ń wò ó, ó wá rọra mi orí. "Màá wà níbẹ̀," ó wí. "Kó sáà pariwo dáadáa, etí mi ò dára mọ́."

Ámósì rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ di ìhà rẹ̀ mú nítorí pé ẹ̀rín náà dùn ún. Wọ́n ti ọkọ̀ kúrò, mo sì dúró títí mi ò fi gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, kùrukùru òkun dé. Ó máa ń dé bẹ́ẹ̀ ní oṣù yẹn, láìsí atẹ́gùn, bí ẹni fi aṣọ bo àwo. A ò rí ìparí ògiri láti orí ògiri mọ́. Ọkọ̀ òfurufú kan kọjá lókè, ó sì ju bọ́ǹbù méjì sínú omi níbi tí a kò rí. Ilẹ̀ mì, ẹja kéékèèké léfòó sẹ́nu èbúté, ikùn wọn sì ti bẹ́. Lẹ́yìn náà tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún nínú àgọ́. Wọ́n ní àwọn kan rí ọkọ̀ kékeré onírọ́bà ní apá gúúsù, pé ó lè jẹ́ Jámánì ló wà nínú rẹ̀. Kápúténì kó sójà púpọ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn tó kù kò tó, nítorí náà wọ́n tú Dodd sílẹ̀ ní àtìmọ́lé, wọ́n sì mú un wá sídìí ìbọn ní ẹ̀gbẹ́ Tapp. Báńdéèjì wà lórí rẹ̀. Kò wo ojú mi.

Mo ti wà lórí ògiri náà láti ọ̀sán. Tapp fún mi ní tíì nínú ife tánganran. A ń fetí sílẹ̀.

"Ó ti yẹ kí wọ́n ti dé," mo wí.

"Ẹni tó bá ń yára nínú kùrukùru yìí, òkúta ló ń wá," Tapp dáhùn. "Ẹ fara balẹ̀, Rúbẹ́nì. Ọmọ yín kì í ṣe òmùgọ̀."

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan pariwo láti inú àgọ́ pé Kápúténì ń pe Sájẹ́ǹtì lórí tẹlifóònù. Tapp dìde. "Dodd," ó wí, "o ò gbọdọ̀ yìn kí n tó dé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Sájẹ́ǹtì."

Tapp lọ, kùrukùru sì gbé e mì. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo mọ ìró rẹ̀ bí mo ṣe mọ ikọ́ Tírísà ìyàwó mi. Lẹ́yìn náà wọ́n pa ẹ́ńjìnnì náà gẹ́gẹ́ bí àṣẹ, àjẹ̀ nìkan ló sì ń dún nínú omi. Òjìji ọkọ̀ kan yọ díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, dúdú nínú funfun.

"Ta nìyẹn?" Dodd kígbe. Ohùn rẹ̀ ti ya.

"Ọmọ mi ni," mo wí fún un. "Ọkọ̀ wa ni."

"Ẹ kúrò níwájú mi, bàbá. Ta nìyẹn? Ọ̀rọ̀ òní!"

Ohùn Ámósì dé láti orí omi, ó mọ́ gaara. "Ọ̀gbẹ́ni Inú Ẹrẹ̀! Tírísà ni, ọkọ̀ Harland!"

"Ìyẹn kọ́! Ọ̀rọ̀ òní ni mo ní!"

"Ọ̀gbẹ́ni Inú Ẹrẹ̀! Sájẹ́ǹtì Tapp, ẹ dá a lóhùn!"

Mo gbọ́ tí Dodd fa irin ìbọn náà sẹ́yìn. Mo gbìyànjú láti di apá rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan ni mo ní, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi láyà. Mo fẹ̀yìn lu àwọn àpò iyanrìn. Tapp ti gbọ́ igbe náà nínú àgọ́. Ó ń sáré bọ̀ nínú kùrukùru, bàtà rẹ̀ ń dún lórí òkúta, èémí rẹ̀ ń já.

"Má yìn ín!" ó ń kígbe. "Dodd, má yìn ín! Ámósì, sọ ọ́ fún un, jọ̀ọ́! Sọ ọ́!"

Lẹ́yìn náà, láti ran ọmọ mi lọ́wọ́, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ pe orúkọ ẹran náà sórí omi. Ó pè é, ó tún un pè.

Òrùka irin ńlá kan wà nílẹ̀ lórí ògiri náà, èyí tí a ń so okùn ọkọ̀ mọ́. Ọwọ́ mi ti wà lórí rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo bẹ̀rẹ̀. Orí mi wà nílẹ̀ nígbà tí ìbọn náà dún. Mi ò rí i. Ohun tí mo mọ̀, Dodd ló sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bi í. Ó ní òun rí ọkùnrin méjì tí wọ́n kọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ òní, tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ẹlòmíràn, tí àwọn méjèèjì sì tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọwọ́ wọn lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Ó rò pé ìbọn ni wọ́n fẹ́ mú. Ẹni tí a kò bá tọ́ ní Skarwyke, ohun tí yóò rò nìyẹn.

Ìbọn náà dún pẹ́. Nígbà tó dákẹ́, omi ṣì ń gbé ọkọ̀ náà bọ̀, ó sì wá fi ẹ̀gbẹ́ kan ògiri lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà irin pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Ámósì dojú bolẹ̀ lórí ìdákọ̀ró. Ọta ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé ní ibi púpọ̀, ọ̀kan sì ti ṣí agbárí rẹ̀ lápá òsì. Ọwọ́ rẹ̀ di irin náà mú. Mo ní láti tú àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Jákọ́bù wà lẹ́yìn rẹ̀ láàárín ẹja, apá rẹ̀ ti já ní ìgúnpá, ó kàn ń fi awọ rọ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Bàbá," ó wí fún mi, "a fọwọ́ kàn án. Àwa méjèèjì la fọwọ́ kàn án."

"Mo mọ̀," mo wí. Mo bọ́ ìgbànú mi, mo fi eyín àti ọwọ́ òsì dì í mọ́ òkè apá rẹ̀. Jákọ́bù yè. Ó wà láàyè dòní.

Nígbà tí mo gòkè padà, àwọn ará abúlé ti dé. Kélébù Pounder ló ṣáájú wọn, àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dodd ṣì jókòó sídìí ìbọn, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kélébù fi àjẹ̀ náà gbá a lójú, imú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n wọ́ ọ jáde láàárín àpò iyanrìn. Wọ́n ń fi bàtà oníṣòó tẹ ọwọ́ rẹ̀, àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ń tutọ́ sí i lára. Tapp jókòó lórí òkúta, kò gbìyànjú láti dá ẹnikẹ́ni dúró. Ó ń sọ pé, "Mo pè é. Mo pè é fún un." Wọ́n gbé Dodd lápá àti lẹ́sẹ̀, wọ́n sì jù ú sínú èbúté pẹ̀lú kóòtù àti bàtà rẹ̀.

Ó lọ sísàlẹ̀, ó yọ, ó tún lọ. Kò mọ omi wẹ̀. Gbogbo ènìyàn dúró létí ògiri, wọ́n ń wò ó.

Mo mú ọ̀pá oníwọ̀ tí a fi ń fa ọkọ̀, mo nà án sínú omi, mo fi há kọ́là rẹ̀. Ọwọ́ kan kò tó. Mo pe Kélébù.

"Fún kí ni?" Kélébù bi mí. "Ọmọ ta ló kú sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n á so yín kọ́," mo wí. "Wọ́n á so ìwọ àti ọmọ rẹ kọ́ nítorí èyí. Fà á."

Ó fà á pẹ̀lú mi. Èmi kò ṣe é nítorí àánú. Nígbà tí Dodd dé orí òkúta, tó ti pọ omi tán, tó sì gbójú sókè sí mi, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì gbá a lẹ́nu débi pé ètè rẹ̀ ya. Lẹ́yìn náà mo lọ gbé ọmọ mi.

Orí tábìlì ilé ìdáná la tẹ́ ẹ sí. Tírísà kò ké. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aládùúgbò, ó gbé omi kaná, ó sì mú ọ̀bẹ tí a fi ń la ẹja. Ó fẹ́ gé bàtà òkun gígùn náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí pé omi ti mú kí awọ rẹ̀ fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ mi kò wúlò fún un. Ó ń gbìyànjú láti fi orúnkún di ẹsẹ̀ náà mú kó lè gé e, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀.

Ìgbà yẹn ni Kápúténì Haverill kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó wo tábìlì náà, ó sì tètè gbé ojú kúrò níbẹ̀ lọ sára ògiri.

"Ìyá Harland," ó wí. "Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ìwádìí máa wà. Mo máa sọ pé akíkanjú ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́ kó yé mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kí ló dé tí kò fi sọ ọ́?"

Láti ọjọ́ tó ti dé abúlé wa, "ẹ" ni gbogbo wa ń lò fún un, àti àgbà àti èwe. Tírísà kò gbójú sókè.

"Bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ," ó wí.

Ó dúró.

"Mo ní kí o bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ. Wá síbí. Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú fún mi. Má dì í níbẹ̀ yẹn, dì í ní gìgísẹ̀. Dì í kó le."

Ó wò mí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi wọ́n sórí àga, ó sì wá síbi tábìlì. Ó di ẹsẹ̀ Ámósì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Tírísà gé bàtà náà láti òkè títí dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí awọ náà là, omi òkun àti ẹ̀jẹ̀ tú jáde nínú rẹ̀, wọ́n ṣàn gba orí ọwọ́ Kápúténì wọ inú apá kóòtù rẹ̀. Ó fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Má fi sílẹ̀," Tírísà wí. "Ó ku ìkejì."